Wáyà Ìyálé àti Wáyà Ìyàwó Nínú Agolo Bisikíìtì

Ẹni tó bá tún fọwọ́ kan agolo bisikíìtì tó wà lórí pẹpẹ mi, èmi àti onítọ̀hún ni. Gbogbo yín ni mò ń bá wí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí yìí, àti ìwọ tó o mú bírò lọ́wọ́. Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe. Lánàá, ẹni tó ń ra irin àlòkù gba iwájú ilé wa kọjá, ó ń ké kọ́ńdẹ́mù, kọ́ńdẹ́mù, ọ̀kan nínú yín sì sáré wọ yàrá mi, ó gbé agolo yẹn jáde torí wọ́n ní bàbà wà nínú rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé etí mi ṣì ń gbọ́. Ẹ wá ń bi mí pé kí ló wà nínú agolo tó ti dípẹtà tí mo fi fẹ́ fi ọ̀pá lu ọmọ ọlọ́mọ. Ó dáa. Ẹ jókòó dáadáa. Orogún mi ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ohun tó ń jẹ́ orogún. Bí ẹ bá bá èèyàn jà, ẹ ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ ó máa fi fóònù bú u. Láyé tiwa, agboolé kan náà ni ìwọ àti ọ̀tá rẹ jọ ń sùn. Ìdí ààrò kan náà lẹ jọ ń dáná, àmù kan náà lẹ jọ ń bu omi mu, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, o gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kó o tó kí i. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Ràmọ́tá ní gbogbo àárọ̀ tí mo lò nílé yẹn. Orúnkún mi tẹ́ ẹ rí tó ń ro mí yìí, ẹ má pè é ní ọjọ́ ogbó.

Ní ìlú Ìlá wa nígbà yẹn, ìró òfì ló ń jí wa. Kì í ṣe òfì àwọn ọkùnrin, tí wọ́n máa ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ sójú títì. Òfì obìnrin ni, èyí tí a máa ń gbé ti ara ògiri, tí a ó máa fi igi pẹlẹbẹ lu òwú mọ́ra, gbì, gbì, gbì. Bí oòrùn bá ti ń yọ, wàá máa gbọ́ ọ láti ilé dé ilé. A máa ń mọ ẹni tínú ń bí láti ara bó ṣe ń lu tirẹ̀. Ìyá Ràmọ́tá máa ń lù ú bí ẹni pé orí mi ló wà lábẹ́ igi. Aṣọ rẹ̀ ki o, mi ò ní purọ́ mọ́ òkú. Kíjìpá tó bá hun, o lè fi ru igi wálé látoko kó má ya. Èmi náà mọ aṣọ hun, àmọ́ òwú ríran ni wọ́n mọ̀ mí sí. Bí mo bá mú ìrànwú lọ́wọ́, fọ́nrán òwú mi á rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lónìí, ta ló ní òfì nílé yìí? Àwọn igi òfì Ìyá Ràmọ́tá, ọdún tó kọjá lẹ fi wọ́n sun àgbàdo. Mo wò yín. Inú mi dùn díẹ̀.

Ìró kejì tó wà nílé wa ni ti rédíò. Baálé mi, bàbá yín àgbà, atúnrédíòṣe ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn rédíò tó ṣí ikùn sílẹ̀ kún ibẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n ń fà nífun. Èyí ń hó, èyí ń súfèé, èyí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Òórùn léèdì tó ń yọ́ fi lẹ wáyà máa ń wọnú ọbẹ̀ wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó jẹ́jẹ́ jù. Ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó méjì tó tún ń bẹ̀rù àwọn méjèèjì, irú wọn ló ń da ilé rú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì máa ń gbọ̀n, àìsàn kan ló ṣe é bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ó lè di irin léèdì mú, àmọ́ iṣẹ́ tó bá gba ìka, bíi kí á ká wáyà tó tín-ín-rín bí irun, àwa obìnrin ló máa ń bẹ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan nílé yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohun yòówù tó bá wọlé, Ìyá Ràmọ́tá ló ń kọ́kọ́ mú, tirẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ju tèmi lọ. Àṣà ni, èmi ò bá àṣà jà. Ẹran Iléyá, bẹ́ẹ̀. Iṣu, bẹ́ẹ̀. Kódà iyọ̀. Bí baálé bá ra aṣọ kan náà fún wa, tí aláṣọ sì wọ̀n ọ́n lọ́gbọọgba, obìnrin yìí á ní kí wọ́n wá nǹkan kún tòun, ì báà jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́. "Ìka ò dọ́gba," ohun tó máa ń sọ nìyẹn, á sì na ìka márààrún sí mi lójú. Ọdún tí mo wọlé, mo bi í pé èwo ni èmi nínú wọn. Ó ní èyí tí wọ́n fi ń ro etí.

Èmi náà mú nǹkan tèmi wọlé o. Àbúrò mi ni, Àkànbí, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Ìyá wa kú nígbà tó ṣì ń rákòrò, ẹ̀yìn mi ló dàgbà sí, bí mo sì ṣe ń lọ sílé ọkọ, mo mú un dání. Ó kọ́ gìtá lọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní Òkè-Ìlá, ó sì mọ̀ ọ́n ta. Tí Àkànbí bá ń ta gìtá, ọ̀rọ̀ ni wàá gbọ́, oríkì ìdílé rẹ ni wàá gbọ́, wàá dìde láìmọ̀ pé o dìde. Kì í ṣe gbì-gbà-gbì tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀ jáde nínú fóònù yìí. Ìyá Ràmọ́tá ní ariwo lòun ń gbọ́ ní tòun. Ó ní àwọn ará ilé mi ò mú nǹkan kan wá sílé ọkọ ju ariwo lọ.

Àsìkò tí sójà ní kí gbogbo èèyàn máa tò ni. A tò wọ mọ́tò, a tò gba mílíìkì, ẹni tó bá ya ìlà, ẹgba. Nǹkan òkèèrè wọ́n ju ojú lọ. Àsìkò yẹn ni sípíkà Àkànbí wá ya. Sípíkà ńlá inú àpótí ni, èèyàn méjì ló ń gbé e. Pépà inú rẹ̀ ya láti òkè délẹ̀. Baálé fi ògì gbígbóná àti pépà mìíràn lẹ̀ ẹ́, ó tún ya. Wọ́n wá òmíràn dé Òṣogbo, wọ́n wá a dé Ìlọrin, wọn ò rí.

Ọdún iṣu tuntun sì ń bọ̀. Gbádé kan wà, ọmọ Ìlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, tó kó gbohùngbohùn tó ga ju ọkùnrin lọ bọ̀. Òun ni ìlú gbé iṣẹ́ ohùn ọjọ́ ọdún fún ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ ẹni tó máa ṣeré. Àkànbí bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun ki wáyà gìtá òun bọ ẹ̀rọ rẹ̀ tààrà, láìsí sípíkà. Wọ́n dán an wò. Kí ni mo fẹ́ fi ohùn yẹn wé? Bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Gbádé ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló máa dún, òun á lọ mú àwọn onígìtá wá láti Ọ̀rà, àwọn tí sípíkà tiwọn ò ya.

Àkànbí ò bá a jà. Ìdí ààrò ló wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, bí wọn ò bá gbọ́ mi lọ́dún yìí, mi ò dúró mọ́. Mà á gbé gìtá yìí fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, mà á forí lé Èkó, mà á lọ máa so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò."

Ẹ̀yin ń lọ Èkó láàárọ̀, ẹ̀ ń dé nírọ̀lẹ́. Nígbà yẹn, àwọn tó lọ láti àdúgbò wa, ẹni tó padà wá kí wa lára wọn ò tó nǹkan. Òmíràn lọ, ìyá rẹ̀ kú, kò gbọ́. Ọmọ tí mo pọ̀n. Ẹ máa rántí ohun tó wà nílẹ̀ o: kì í ṣe gìtá, ọmọ ìyá mi ni.

Baálé gbọ́. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jẹun ọ̀sán. Ó ní sípíkà tó ya yẹn, kì í ṣe pé ó kàn ń gbé ohùn jáde, ó ń sẹ́ ohùn ni, bí a ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì. Pépà rẹ̀ kì í jẹ́ kí èyí tó mú jù kọjá. Ó ní bí òun bá lè kó ohun tó ń sẹ́ ohùn sínú agolo kan, gìtá á gba inú agolo kọjá lọ sínú ẹ̀rọ Gbádé, etí kankan ò ní mọ̀ pé sípíkà ò sí níbẹ̀. Ó tú àwọn òkú rédíò, ó yọ ìfun wọn, ó tò wọ́n sínú agolo bisikíìtì yìí, èyí gan-an. Nígbà tí Àkànbí ta á gba inú rédíò kan nínú ilé, ìrànwú dúró lọ́wọ́ mi. Ohùn yẹn rọ̀, ó kún. Igi òfì dákẹ́ ní yàrá Ìyá Ràmọ́tá náà. Ó yọjú, ó rí i pé mo rí òun, ó padà wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀, gbì, gbì.

Àmọ́ wáyà kúkúrú ni wọ́n lò nínú ilé. Ní pápá, ibi tí onígìtá ń dúró sí jìnnà sí tábìlì Gbádé. Wáyà ní láti wọ́ lọ gbọọrọ nílẹ̀, abẹ́ wáyà iná ìjọba ló sì gbà kọjá. Bí wọ́n ṣe so ó báyìí, ó ń kùn, hùn-ùn-ùn, bí oyin tí wọ́n dí mọ́nú igi. Kó o tó gbọ́ gìtá, o ti gbọ́ oyin. Gbádé bi baálé mi pé ṣé gìtá ló kó wá àbí ilé agbọ́n. Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó délé, ẹ̀rín náà ti ṣáájú wọn dé etí Ìyá Ràmọ́tá, òun náà sì fi kí mi káàbọ̀.

Ojú ihò tí wáyà ń wọ̀ lára ẹ̀rọ Gbádé ni baálé tẹjú mọ́ ní pápá. Ihò ọ̀hún lójú mẹ́ta, èyí tó lè gba wáyà ohùn méjì. Ó délé, ó pe èmi àti ìyálé mi, ó ní òun ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó ní ariwo yẹn, inú afẹ́fẹ́ ló wà, ara wáyà iná ló ti ń jáde, wáyà tó bá ti gùn, á bà lé e ṣáá ni. Ohun tó kù ni kí á fi wáyà méjì rán ohùn gìtá dípò ọ̀kan. Ọ̀kan á gbé ohùn lójú, èkejì á gbé ohùn kan náà ní ìdojúdé, bí igbá tó ṣíjú àti igbá tó dojú bolẹ̀. Ariwo ò mọ èyí tó dojú bolẹ̀, bákan náà ló ń bà lé méjèèjì. Tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ olójú mẹ́ta, ẹ̀rọ á yí èyí tó dojú bolẹ̀ padà. Ohùn gìtá méjèèjì á wá kọjú síbì kan náà, wọ́n á di ọ̀kan. Ariwo méjèèjì á wá dojú kọ ara wọn, wọ́n á pa ara wọn.

Mo ní, "Ìyẹn ni pé ìjà ló ń pa ìjà."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àfi kí wọ́n dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ju èkejì lọ, ariwo á ṣẹ́kù."

Ohun tó máa pín ohùn sí méjì, wáyà bàbà tín-ín-rín ni, tí a ó ká mọ́ páálí kékeré méjì, tí baálé á wá kì bọ irin kan náà. Páálí kan fún wáyà tó ṣíjú, ìkan fún èyí tó dojú bolẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ò lè ṣe é. Ó yẹ kó mú àwa méjèèjì jókòó pọ̀ kí á ṣe é lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé a ó jà. Ló bá pín wáyà fún wa lọ́tọ̀, ó fún kálukú ní igbá èkùrọ́. Bó o bá ti ká wáyà kún ìlà kan, o mú èkùrọ́ kan kúrò. Bí èkùrọ́ bá tán nínú igbá, o dúró. Iye kan náà ló kà sínú igbá méjèèjì. Èmi ká tèmi ní yàrá mi, Ìyá Ràmọ́tá ká tirẹ̀ ní yàrá rẹ̀. Wáyà gígùn méjì tó máa wọ́ lọ ní pápá, èmi ni mo fi ìrànwú lọ́ wọn pọ̀ bí ẹni lọ́ òwú, torí baálé ní wọn ò gbọdọ̀ jìnnà síra, kí ariwo tó bá bà lé ọ̀kan lè bà lé èkejì.

Wọ́n gbé e lọ sí pápá. Kíkùn yẹn dín kù, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Gbádé ní àwọn oyin ti lọ, ó ku ìyá wọn. Ó ní òun ti ránṣẹ́ sí Ọ̀rà.

Nígbà tí baálé padà dé, ó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú wáyà tèmi kúrò lára páálí, ó so orí rẹ̀ mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà, ó nà án lọ sí àgbàlá. Ó dé ẹ̀gbẹ́ odó, ó tán. Ó tú ti Ìyá Ràmọ́tá, ó so ó mọ́ òpó kan náà, ó nà án. Ó dé ẹ̀gbẹ́ odó, ó kọjá odó, ó ń lọ. Ó dé ẹnu ilé adìyẹ kó tó tán. Gbogbo wa dúró, à ń wo wáyà. Adìyẹ kan wá, ó ṣá a lẹ́nu.

Baálé ní, "Ìyá Ràmọ́tá, èkùrọ́ tí mo kà fún yín ńkọ́?"

Obìnrin yìí ò tilẹ̀ dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ó ní òun ka ti baálé, òun sì mú èkùrọ́ díẹ̀ kún un látinú ti ara òun. Ó ní, "Ẹ ní kí á ṣe é bó ṣe tọ́. Bó ṣe tọ́ nìyẹn. Ọjọ́ wo ni tèmi àti tirẹ̀ dọ́gba rí nílé yìí?"

Mo ní, "Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ fẹ́ kí ọmọ ìyá mi lọ."

Ó ní, "Bí mo bá fẹ́ lé ọmọ ìyá ẹ, ṣé wáyà ni mà á fi lé e?"

Baálé ń bẹ̀ ẹ́, ó ń ṣàlàyé pé kì í ṣe ìpín, pé ohùn ni, pé ohùn ò mọ ìyálé. Obìnrin yìí ní ohun tí kò bá mọ ìyálé ò níṣẹ́ nínú ilé òun. Baálé ní kí á gé èyí tó lé kúrò. Ìyá Ràmọ́tá ní ẹni tó bá gé nǹkan òun kó lè bá ti ọmọ àná dọ́gba, kí onítọ̀hún lọ gé e ní ibojì òun. Baálé ní ó dáa, kí á wá díẹ̀ kún tèmi. Obìnrin yìí ní bó bá kún tèmi, òun náà á kún tòun. Wọ́n máa ń sọ pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Gbádé wà ní pápá, ó ń fi wá ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n ta ni Gbádé? Ẹni tó fẹ́ pa mí wà lórí àpótí, ó ń jẹ obì.

Ibi tí a ti ń fà á ni Àkànbí ti wọlé. Ó ti di gìtá rẹ̀ sínú àpò, ó ti wọ bàtà. Kò wò mí, torí ó mọ̀ pé bí òun bá wò mí, mà á sunkún. Ọ̀dọ̀ Ìyá Ràmọ́tá ló lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ bá mi kí ilé. Mò ń lọ."

Ìyá Ràmọ́tá tu obì tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo wáyà, ó wo ilé adìyẹ, ó wo ẹnu ọ̀nà, níbi táwọn ará àdúgbò ti ń yọjú. Kò sí ohun tí obìnrin yẹn bẹ̀rù láyé ju kí wọ́n rí nǹkan sọ nípa rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ta ló ní kó o lọ? Kí wọ́n lè ní èmi ni mo lé ẹ, kí ẹ̀gbọ́n ẹ sì máa fi kọrin mọ́ mi títí mà á fi kú? Dìde nílẹ̀ yẹn." Ó yíjú sí baálé. "Ọ̀nà kan ò sí tí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ tèmi?"

Baálé ní ọ̀nà wà. Kí á má ká a lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí á mú fọ́nrán méjèèjì pa pọ̀, kí á ká wọn lẹ́ẹ̀kan náà mọ́ páálí kan ṣoṣo, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ pọ̀, tí wọ́n parí pọ̀, kò sí èyí tó máa gùn ju èkejì, kò sì sí ìpín ìyálé tàbí ìpín ìyàwó nínú rẹ̀. Bó bá ti ro ó tipẹ́, kí ló dé tí kò sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀? Ẹ má bi mí. Òkú ni, mi ò ní bá òkú méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà.

Baálé ki ìrànwú mi bọ inú páálí, òun ló ń yí i. Yíyí ò ta ko ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Èmi di fọ́nrán kan mú láàárín ìka, Ìyá Ràmọ́tá di èkejì. Èmi jókòó sórí ẹní. Òun gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó lé e, torí ìyálé kì í bá ìyàwó jókòó nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí baálé ṣe yí i báyìí, fọ́nrán tèmi sùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tirẹ̀ ń tòkè bọ̀, ó ń gun tèmi lórí. Wọ́n tú u, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ó tún gùn ún. Baálé rí i. Àkànbí rí i. Èmi rí i ṣáájú wọn. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún un pé àpótí ló fà á. A kàn ń tú u, à ń ká a, à ń tú u.

Ahunṣọ ni, ó mọ ohun tí òwú ń wí. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí yẹn sẹ́yìn, àpótí yí gbìrì lọ bá ògiri, òun sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní mi, orúnkún rẹ̀ kan orúnkún mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, a ò súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń rùn fún obì àti aró. Fọ́nrán méjèèjì bá sùn ti ara wọn, wọ́n ń lọ.

Ẹ̀yin ò lè mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Bí mo bá fà díẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ó fà díẹ̀. Bó bá dẹ̀ ẹ́, mo dẹ̀ ẹ́. Mo kórìíra rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo sì ń fi ìka mi gbọ́ èémí rẹ̀. Nígbà tó tán, tí baálé gé e, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sínú eérú. Ó lọ gbé àpótí rẹ̀, ó wọlé.

Ọ̀sán ọjọ́ ọdún, pápá kún fọ́fọ́. Òórùn iṣu sísun àti epo ń rìn kiri bí àlejò. Àwọn ará Ọ̀rà ti dé lóòótọ́, wọ́n jókòó lórí àpótí gìtá wọn. Baálé bẹ Gbádé pé kó kàn fetí sí i ná, kó tó pè wọ́n. Ó ki wáyà bọ ihò olójú mẹ́ta. A dúró. Gbádé gbé ọwọ́ sórí bọ́tìnì rẹ̀, ó yí i sókè, ó tún yí i sókè, ó ń wá oyin. Kò sí nǹkan kan. Ó wò ó bóyá wáyà ti já. Ibẹ̀ ni Àkànbí ti fọwọ́ kan okùn gìtá, ohùn sì jáde nínú gbohùngbohùn ńlá wọ̀nyẹn, ó tóbi, ó mọ́, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà. Gbádé yọwọ́ kúrò. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn ará Ọ̀rà pé kí wọ́n ṣì máa jẹun.

Omi ti gba ojú mi. Mò ń dúró kí ọmọ tí mo pọ̀n kí mi. Àkànbí bẹ̀rẹ̀ sí fi gìtá ki àwọn èèyàn, ó ki ìlú, ó ki baálé mi. Ó wá dé orí àwa obìnrin. Ta ló kọ́kọ́ kì? Ìyá Ràmọ́tá. Ó ki ìdílé rẹ̀ dé orírun, ó kì í títí ìdí rẹ̀ ò fi gba ìjókòó. Ìgbà tó kì í tán ló tó kàn mí, tèmi sì kúrú. Àṣà ni. Mo mọ̀ pé àṣà ni. Mo bá a sọ ọ́ nígbà tó délé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìyálé ló ń kọ́kọ́ mú." Mi ò fún un lóúnjẹ alẹ́.

Ní pápá níbẹ̀, nígbà tí Àkànbí ń kì í lọ́wọ́, obìnrin yẹn yíjú sí mi. Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní, "Kò kùn." Mo ní, "Kò kùn." Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ rere tí èmi àtirẹ̀ jọ sọ láyé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó da omi àfọṣọ sí ojú ọ̀nà mi.

Àkànbí ò lọ Èkó. Ìlá ló dúró sí, ìhín ló ti fẹ́yàwó, ìhín ló ti bí bàbá àwọn kan nínú yín, ìhín la sin ín sí. Agolo yẹn ló ń lò títí gìtá fi jáde láṣà, tí ẹ gbé kíbọ́ọ̀dù, pátákó tó ń tẹ ara rẹ̀, dé. Ìyá Ràmọ́tá ti lọ tipẹ́. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, èmi náà ò ní kó tọrọ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín, wọ́n ní kí n sunkún. Mo ní ata ni mò ń lọ̀, kò sáyè.

Ẹ wá ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi agolo ṣe. Mo ti ṣí i rí, lẹ́yìn tó kú. Mo mú páálí yẹn lọ síbi tí ojú ọjọ́ mọ́, mo wá ìdí wáyà. Mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Orí méjì ló yọ jáde, bàbà kan náà, títín-ín-rín kan náà, wọ́n sùn ti ara wọn láti òkè délẹ̀. Mo fọwọ́ pa á, ọwọ́ mi tó lè ya òwú gbogbo obìnrin àdúgbò yìí sọ́tọ̀. Ọwọ́ mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ gbé agolo yẹn padà sórí pẹpẹ. Bí mo bá mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì, ǹ bá ti fà á yọ, ǹ bá ti fún oníkọ́ńdẹ́mù lọ́fẹ̀ẹ́.